Bí Ìbídùn Ṣe Wọ̀n Odò Tó Kún

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ìyá Àgbà," ni Àdùnbí já lu ọ̀rọ̀, "ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìṣirò ilé-ìwé fẹ́ ṣe fún mi tí mo bá dàgbà?"

"Jókòó dáadáa. Àlọ́ tòní kàn ọ́. Ní ìgbà kan rí, obìnrin àgbẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Ìbídùn. Ó kàwé, ó mọ ìṣirò bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n oko ẹ̀gẹ́ ló padà sí. Ọ̀bọ a máa jókòó sórí igi, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: 'Ìbídùn, gbogbo ìṣirò yẹn, ṣé ó ń hú ẹ̀gẹ́?'"

"Kí ló dá a lóhùn?"

"Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ń hú ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ.

"Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ àti obìnrin mẹ́ta fi ẹsẹ̀ la odò kọjá sí erékùṣù kékeré kan, wọ́n lọ já ẹ̀fọ́. Òjò ńlá ti rọ̀ lókè odò, wọn ò mọ̀. Kí wọ́n tó di ẹ̀fọ́ tán, odò ti kún! Ẹ bá mi gbè é: Ìbídùn o, omi ń bọ̀!"

"Yára, yára!"

"Omi ti jẹ ìdajì ilẹ̀ wa!"

"Yára, yára!"

"Ìbídùn gbọ́ igbe wọn lóko, ó sáré dé etí odò, ó ké pe Erin. Erin wọ odò, àgbàrá gbé e lu àpáta, ó tiro jáde.

"'N kò lè kọjá,' ni Erin wí. 'Ṣùgbọ́n mo lè wó igi kan kó di afárá. Ẹyọ kan péré o. Agbára tó kù lára mi kò tó ti méjì.'

"Igi méjì ló wà létí omi: ọ̀kan sanra, èkejì tẹ́ẹ́rẹ́. Erin gbé orí ti èyí tó sanra. 'Òun ló gùn jù. Ojú lásán ti fi hàn.'

"'Ẹ dúró, Bàbá Erin! Ẹ jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n ná.'

"'Omi fẹ́ gbé ìyá ẹ lọ, o ń sọ̀rọ̀ wíwọ̀n?'

"Ìbídùn ti so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ Lékelèké. Ẹyẹ náà fò kọjá, ìyá rẹ̀ di orí okùn mú létí omi lọ́hùn-ún. Ìbídùn fà á le, ó ta á ní kókó níbi tó dé lọ́dọ̀ tirẹ̀, ìyá rẹ̀ jọ̀wọ́ okùn, Ìbídùn fà á padà. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ mẹ́rìnlélógójì.

"Oòrùn ti yọ. Ó gbé ọ̀pá ẹsẹ̀ mẹ́fà nàró. Òjìji rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. Òjìji, ìdajì ọ̀pá! Ó sáré síbi òjìji igi tó sanra: ogún."

"Ogójì ni igi yẹn! Kò dé òdìkejì!"

"Kò dé! Ó sáré síbi ti tẹ́ẹ́rẹ́: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Àdùnbí, igi yẹn gùn tó mélòó?"

"Méjìléláàádọ́ta!"

"O káre. Ìbídùn padà síbi òjìji náà. Ó tún un wọ̀n, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà ni.

"'Bàbá Erin, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni.'

"'Ṣé ó dá ọ lójú?'

"'Ó dá mi lójú. Ìyá mi ló wà lọ́hùn-ún.'

"Erin fi orí tì í. Igi ya, ó ń lọ, ó ń lọ, gbìì! Orí rẹ̀ balẹ̀ sórí erékùṣù. Àwọn obìnrin rá kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ìbídùn ló ṣìkẹyìn. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, omi nìkan ló rí.

"Ó di ọmọ rẹ̀ mú. Ó ní: 'Kọ́ mi ní ohun tí o ṣe yẹn.' Wọ́n jókòó sórí iyanrìn níbẹ̀, ìyá gbé ọ̀pá nàró, ọmọ ń tọ́ ọ sọ́nà."

"Ìyá Àgbà, ṣé gbogbo ìṣirò ni màá lò?"

"Rárá. Ọ̀pọ̀ wà tí mo kọ́ tí n kò lò rí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́ ọ dáadáa, nítorí ẹni tó mọ̀ ọ́n kò ní fi ojú lásán ṣe ìpinnu nígbà tí ẹ̀mí ènìyàn bá wà nínú rẹ̀.

"Mo ti sọ àlọ́ mi kalẹ̀ láàrin yín. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ẹnu mi má lè pe orúkọ yín ní òwúrọ̀ ọ̀la. Bí n kò bá fi irọ́ kún un, ẹ dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta!"

"Hòo! Hòo! Hòo!"