Orí Ọmọ Mọ́rẹ́nikẹ́ Lọ́jà

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́." Gbogbo wa la ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n kí ló kan àgbà kan ọmọ ọlọ́mọ? Kí ló sì dé tó fi jẹ́ ọjà, tí kì í ṣe ilé? Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Obìnrin àgbàlagbà kan wà nílùú Òkè-Ìgbá, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, òwú ló ń tà. Ó mọ ìtọ́jú ọmọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kan ti bú u rí, nítorí Àwẹ̀ró ní kó yé fi tipátipá rọ ọmọ rẹ̀ ní àgbo.

"Ẹ ti tọ́ tiyín, ẹ jẹ́ n tọ́ tèmi," lobìnrin náà sọ lójú ọjà.

Ọ̀rọ̀ náà dun Àwẹ̀ró wọra. Ó ní òun ò tún ní bá ọlọ́mọ sọ̀rọ̀ ọmọ mọ́ láéláé.

Lọ́jọ́ ọjà kan, Mọ́rẹ́nikẹ́ gbé ẹní wá tà. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti gbé e níyàwó wá, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ti kú kó tó dé. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí a ṣe ń pọn ọmọ. Ọrùn ọmọ tuntun tó pọ̀n sẹ́yìn kò tí ì gbó. Ọ̀já ti sọ̀ kalẹ̀, orí ọmọ wọ́ sẹ́yìn, ó ń mì bí ìyá rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tẹ́ ẹní fún oníbàárà. Gbogbo ọjà rí i. Oníyọ̀ rò pé aláta á sọ ọ́. Aláta ní ọ̀rọ̀ àgbà ni. Wọ́n ń wo Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró ń wo òwú rẹ̀.

Ọmọ ń ké. Nígbà tó yá, kò ké mọ́.

Ìdákẹ́ yẹn ni Àwẹ̀ró kò lè fara dà. Ó da òwú sílẹ̀, ó sáré.

"Ìyàwó, tú ọ̀já yẹn!"

Ètè ọmọ ti ń dú. Àwẹ̀ró fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ọrùn rẹ̀ ró, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú, ó tún fẹ́ ẹ. Ọmọ sín, ó bú sẹ́kún. Mọ́rẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Ìyá. Ṣé ẹ ti ń rí i tẹ́lẹ̀ ni?"

Àwẹ̀ró kò lè purọ́. "Mo ti ń rí i. Inú ló ń bí mi."

"Sí mi, Ìyá?"

"Sí ẹlòmíràn."

Kò padà sídìí òwú rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà ló gbà lọ.

"Ẹ fún wa ní àtíbàbà kan lẹ́bàá kànga, kí àwa àgbà máa bá àwọn ìyá ọmọ tuntun jókòó níbẹ̀."

"Bí wọ́n bá bú yín ńkọ́?"

"Kí wọ́n bú mi. Èébú kì í pa ọmọ."

Bí àtíbàbà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ń kọ́ àwọn ìyàwó bí a ṣe ń pọnmọ, bí a ṣe ń wẹ̀ ẹ́, ohun tó yẹ kó jẹ. Bí ìyá bá ń tajà, àwọn àgbà a máa kọrin fọ́mọ, wọn a máa bá a ṣeré. Àwọn bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í yà wá béèrè ọ̀rọ̀. Bí àgbà kan bá sì fẹ́ kọjá lọ bí ẹni tí kò rí nǹkan kan, Mọ́rẹ́nikẹ́ fúnra rẹ̀ a kúnlẹ̀ lọ́nà kí i, a ní:

"Ẹ dákun, ẹ yà bá wa wò ó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."