Eérú Ìyá Ọlọ́ṣẹ

Ojú ń tì mí láti sọ ìtàn yìí, nítorí ìyá tó bí bàbá bàbá mi gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Ọṣẹ dúdú ló ń sè, òun sì ni ìyáálé gbogbo obìnrin agboolé wa. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ.

Nígbà náà, ìkookò pọ̀ nínú igbó ẹ̀yìnkùlé. Òfin agboolé ni pé kí olúkúlùkù gbẹ́ kòtò, kó da eegun àti àjẹkù oúnjẹ sí i, kó fi ìkòkò fífọ́ bò ó, kó sì gbé òkúta lé e. Àwẹ̀ró ló ń yẹ kòtò wò láràárọ̀. "Ẹ̀yin ọ̀lẹ, ṣé ẹ fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ bọ́ ìkookò ni?" Bó ṣe máa ń bú wọn nìyẹn.

Lọ́dún kan, ẹ̀ẹ̀rùn mú, ilẹ̀ le koko. Kòtò Àwẹ̀ró kún, ẹ̀yìn sì ń dùn ún, kò lè gbẹ́ òmíràn. Kó wá bẹ àwọn ìyàwó ilé? Ẹnu tó fi ń bú wọn kò jẹ́. Ló bá ń bo eegun mọ́ inú eérú tó ti sẹ́ omi rẹ̀ fún ọṣẹ, ó ń fi apẹ̀rẹ̀ gbé e lọ dà sẹ́yìn ilé ìdáná Moríyẹbá, ìyàwó tó kéré jù lọ, kí àwọn èèyàn tó jí.

Kò pẹ́ tí ìkookò fi mọ ọ̀nà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá méjì nínú ewúrẹ́ baálé ní fífàya. Baálé tọ ipasẹ̀ ẹranko náà dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó rí òkìtì eegun.

"Moríyẹbá, ewúrẹ́ ló pa lónìí. Ọmọ ta ni yóò pa lọ́la?"

"Bàbá, mo fi ọmọ ẹ̀yìn mi búra, n kò mọ ẹni tó dà á síbẹ̀. Eérú ọṣẹ sì ni."

Gbogbo ojú yí sí Àwẹ̀ró. Ó lè sọ òótọ́ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ni pé, "Eérú mi ló wá jí bù, kó lè fi bo ìwà ọ̀lẹ rẹ̀ mọ́lẹ̀!" Háà, ìyá wa! Baálé pàṣẹ pé kí Moríyẹbá padà sílé bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n kó gbogbo eegun náà kúrò.

Nígbà tí ìkookò padà wá lóru ọjọ́ náà tí kò bá nǹkan kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn eérú tó ti ń jò sílẹ̀ láti inú apẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń tọ̀ ọ́ lọ.

Ilẹ̀ mọ́, Moríyẹbá gbé ẹrù karí, ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sìn ín jáde, wọ́n rí apẹ̀rẹ̀ Àwẹ̀ró ní yíya lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Eegun tó kù nínú rẹ̀ àti eérú dà kalẹ̀, ipasẹ̀ ìkookò sì hàn lórí eérú láti ilé ìdáná títí dé ibẹ̀.

Àwẹ̀ró ṣílẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni kò bú u, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún jù. Ìyáálé ilé kúnlẹ̀ fún ìyàwó kékeré. "Èmi ni. Èmi ni mo dà á, Moríyẹbá, mo sì purọ́ mọ́ ọ. Dárí jì mí."

Moríyẹbá sọ ẹrù kalẹ̀. "Ìyáálé mi, ẹ dìde. Ẹ bá mi gbé ọmọ, kí n lọ gbẹ́ kòtò yín."

Àwẹ̀ró gba ọmọ, kò lè wojú ẹnikẹ́ni. Baálé mi orí, ó sọ gbólóhùn kan, gbólóhùn náà kò sì kúrò nílẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wo ojú mi, ilé wa ló ti jáde: ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.