Ọkọ̀ Arère tí Ẹmọ́ Gbé Kọjá Iyanrìn

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ dáhùn dáadáa. Ṣé ẹ ò jẹun ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀ọ̀!

Ẹ ṣeun. Àlọ́ tèmi kò fẹsẹ̀ rìn wá. Ó wọkọ̀, ó tukọ̀, ó gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ Ìjàpá ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́. Ó sì bá Ẹmọ́ níbẹ̀, eku kékeré tí kò ga tó kókósẹ̀ yín. Baba Ògúnmákin, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ pé ará òkè ni yín. Lálẹ́ òní, ọmọ etí omi ló ń sọ̀rọ̀.

Ní ìgbà kan rí, gbogbo ẹranko tó ń gbé etí ọ̀sà ló ní ojú omi tirẹ̀. Ojú omi ni ibi tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti ń dẹ ìgèrè, tí wọ́n ti ń rí ẹja ọbẹ̀. Ẹlòmíràn kì í débẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan wà. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dáwọ́, ìdílé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ sí ibú, lọ́hùn-ún, ní òdìkejì iyanrìn. Wọn á pa ẹja níbẹ̀, wọn á mú un wá sínú ìkòkò àjùmọ̀jẹ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìdílé tí kò bá mú ẹja wá, ojú omi wọn bọ́ nìyẹn, wọn á sì fi fún ẹlòmíràn.

Iyanrìn ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Ó fẹ̀, ó gbóná, kò sì sí omi tó gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá ń lọ sí ibú, á gbé ọkọ̀ rẹ̀ kọjá ni. Bí o bá bẹ ẹlòmíràn, èjìká tó bá ti kan ọkọ̀ ti ní ìpín nínú ẹja. Ẹja kankan kò sì gbọdọ̀ kúrò nínú ọkọ̀ náà kí wọ́n tó pín in. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé wọn nìyẹn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọkọ Ẹmọ́ kú nígbà òjò. Ọmọ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ń rá nílẹ̀. Ojú omi tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń jẹun. Ìjàpá ní ojú omi tirẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó wo ti Ẹmọ́, ó rí ẹpìyà tó ń ta lábẹ́ òṣíbàtà, itọ́ dà lẹ́nu rẹ̀. Ó gba ọ̀dọ̀ Ọ̀nì, olórí etí omi, lọ.

"Baba, Ẹmọ́ kò ní ọkọ̀ mọ́. Opó ni. Ṣé òfin ṣì dúró?"

Ọ̀nì la ojú kan. "Òfin dúró fún gbogbo yín. Ó dúró fún ìwọ náà."

"Fún èmi kẹ̀? Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu."

Bí Ìjàpá ṣe ń bọ̀ lọ́nà, ó ń dá rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Ọkọ̀ ńlá ni n ó mú. N ó kó gbogbo ẹja ibú tán pátápátá. Kí ni Ẹmọ́ yóò wá rí pa?"

Ó kọjá sí àgbàlá Àkókó, ẹyẹ tó ń gbẹ́ ọkọ̀ fún gbogbo wọn. Ta ló bá níbẹ̀? Ẹmọ́ ni. Ìjàpá kò fọwọ́ kan ọkọ̀ kankan. Ó kàn nàka.

"Èyí tó tóbi jù yẹn ni tèmi."

Àkókó ní: "Igi ìrókò ni o. Ó wúwo."

"Ṣé ìwọ ni n ó ní kó o gbé e ni?"

Ẹmọ́ kò kánjú ní tirẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi etí sílẹ̀ níbí, nítorí bí ìyá tèmi ṣe kọ́ mi nìyí. Ó gbé ọkọ̀ kan lérí, ó rìn yí àgbàlá ká. Ọrùn ń ro ó. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó gbé òmíràn. Ìyẹn fúyẹ́, àmọ́ bó ṣe bọ́ sínú rẹ̀ lójú omi, ọkọ̀ ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì, ó fẹ́ dà á somi. Ó kọ ìyẹn náà. Ó wá gbé ọ̀kan tí wọ́n fi igi arère gbẹ́, tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó gbé e rìn, kò mí hẹlẹ. Ó gbé e sómi, ó jókòó, ó na ọwọ́ bí ẹni ju ìwọ̀. Ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Àyè àjẹ̀ wà, àyè igbá ìgbọ́nmi wà, àyè ẹja náà wà.

Ó ní: "Èyí ni."

Ìjàpá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹmọ́, ọkọ̀ lo mú ni àbí ọpọ́n ìfọṣọ?"

"Bàbá Ìjàpá, èyí tí orí mi lè gbé ni mo mú."

Ìjàpá wọ inú igbó lọ, ó lọ wá èjìká. Ó bá Ẹfọ̀n, ó sọ̀rọ̀ sí i létí: "Ìwọ ni alágbára. Ìdajì ẹja jẹ́ tìrẹ, ìdajì jẹ́ tèmi. Má jẹ́ kí Ìmàdò gbọ́." Ó bá Ìmàdò: "Ìdajì jẹ́ tìrẹ. Má jẹ́ kí Ìnàkí gbọ́." Ó bá Ìnàkí, ó tún ní: "Ìdajì. Má jẹ́ kí Ẹfọ̀n gbọ́."

Kí lo wí, Erinfọlámí? Ìdajì mélòó ló wà nínú ẹja kan? Lọ bi Ìjàpá.

Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ ẹja, àwọn mẹ́ta yìí gbé ọkọ̀ ìrókò, wọ́n ń mí gúlegúle, Ìjàpá ń tẹ̀lé wọn, ó ń pàṣẹ. Ẹmọ́ dá gbé tirẹ̀. Ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ọkọ̀ mi ò tóbi o,
*Wéré, wéré la ó dé.*
Orí mi ni mo fi gbé e,
*Wéré, wéré la ó dé.*
Ọmọ ń bẹ nílé o,
*Wéré, wéré la ó dé.*
N ò ní sọ ojú omi nù,
*Wéré, wéré la ó dé.*

Wọ́n dé ibú. Ìjàpá ta àwọ̀n yí gbogbo ibẹ̀ ká. Ibi tí Ẹmọ́ bá kọrí sí, àwọ̀n ti wà níbẹ̀. Ó rántí àwọn ọmọ rẹ̀. Ló bá rí ibi tí koríko ti dí, tí omi kò jìn. Ọkọ̀ ìrókò kò lè wọ ibẹ̀ láéláé. Ọkọ̀ arère yọ́ wọlé. Ó ju ìwọ̀. Òbòkún kan gbé e! Ó fà á sókè. Ó tún jù ú, òmíràn tún gbé e. Ó fẹ́ ju ìwọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wo ẹja, ó wo ọkọ̀, ó ní: "Rárá. Orí mi ni yóò gbé e délé." Ó kọjú sílé.

Ọkọ̀ Ìjàpá kún dé ẹnu. Wọ́n tù ú dé iyanrìn, wọ́n fà á gòkè. Ó kù kí wọ́n gbé e. Ẹfọ̀n dá ọwọ́ dúró.

"Kí n tó gbé e, kí n mọ ìdajì tèmi."

Ìmàdò ní: "Ìdajì ta ni? Èmi ló fún ní ìdajì!"

Ìnàkí ní: "Àbí orí yín dàrú ni? Èmi ló ni ìdajì!"

Gbogbo wọn yíjú sí Ìjàpá. Ìjàpá ń wòkè, ó ń wolẹ̀. "Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e délé ná."

Ẹfọ̀n ní: "A ò gbé nǹkan kan." Ó jókòó. Ìmàdò jókòó. Ìnàkí káwọ́ gbera. Ìjàpá yọ́ òbòkún kan sábẹ́ èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, ó fẹ́ sá. Ta ni Ìjàpá fẹ́ sáré fún? Ìnàkí kàn na apá ni, ó gba ẹja. Ó ní: "Ẹja kì í kúrò nínú ọkọ̀ kí a tó pín in."

Oòrùn ń mú. Ẹja ń wú. Eṣinṣin dé. Ẹmọ́ yọ pẹ̀lú ọkọ̀ lórí, ẹja méjì nínú rẹ̀, orin lẹ́nu.

"Ẹmọ́! Aya ọ̀rẹ́ mi! Bá mi fi ẹja kan sínú ọkọ̀ rẹ!"

"Bàbá Ìjàpá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà lẹ pè é ní ọpọ́n ìfọṣọ." Kò dúró.

Ó dé ìdí ìkòkò kí oòrùn tó kan àtàrí. Ó ju òbòkún méjèèjì sí i. Ẹ gbọ́ mi: Ọ̀nì kì í dìde fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ náà, Ọ̀nì dìde. Gbogbo etí omi pariwo, àwọn ọmọ Ẹmọ́ rọ̀ mọ́ ìyá wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n ń wí fún gbogbo ayé pé: "Ìyá wa ni o! Ìyá wa ni!" Inú mi máa ń dùn tí mo bá dé ibí yìí. N kò ní purọ́.

Ìjàpá rọra wọ́ dé lẹ́yìn, òórùn ẹja jíjẹrà bò ó.

Ọ̀nì bi í pé: "Ẹja rẹ dà?"

"Ó wà nínú ọkọ̀, Baba."

"Ọkọ̀ dà?"

"Ó wà lórí iyanrìn."

"Ìwọ lo wá bi mí bóyá òfin ṣì dúró. Ó dúró." Bẹ́ẹ̀ ni ojú omi Ìjàpá ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kó wọ inú igbó, kò sì padà sétí omi mọ́.

Ọ̀nì wá kọjú sí Ẹmọ́. "Gba ojú omi Ìjàpá kún tìrẹ."

Ẹmọ́ kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, Baba. Ti ọkọ mi tó mi. Ẹ fi èyí pamọ́ fún opó tí kò tíì rí ọkọ̀ gbé."

Ìdí àlọ́ mi rèé: ohun tí orí ẹni bá lè gbé ni kí á fi wá oúnjẹ lọ, nítorí ẹni tó bá fi irọ́ yá èjìká, orí iyanrìn ni ẹrù rẹ̀ yóò jẹrà sí. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n bá bi yín lọ́la pé ọmọ ta ni yín, ẹ má fi ohùn kékeré dáhùn. Ẹ ní ọmọ ẹni tó dá gbé ọkọ̀ rẹ̀ ni yín.