Ẹ̀gbẹ́ Gbígbóná Ni Kí Ẹ Tú

"Omi tútù ló ń kán, ẹ̀gbẹ́ gbígbóná ni kí ẹ tú." Bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó ní agboolé Ajíbógun ní Ìséyìn, tí ẹjọ́ dé iwájú àgbà, tí gbogbo ìka sì nà sí ẹnì kan ṣoṣo, kì í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi pa òwe yìí. Àlejò tó bá gbọ́ ọ yóò kọ́kọ́ rò pé ẹni tó pa á ṣì í pa ni. Ta ló ń wá orísun omi tútù lọ sí ibi tí omi gbígbóná ń gbà? Bí èéfín bá yọ lórí òrùlé Lámidi, ṣé ilé Làsísì ni a ó sáré gbé omi lọ? Ọgbọ́n orí kò gbà á, àfiwé kò sì gbè é. Síbẹ̀, àwọn tó ń pa òwe náà kò ṣì í pa. Ìtàn ló wà nídìí rẹ̀, ìtàn náà kò sì tíì gbó, nítorí ẹ̀rọ omi ló bí i. Nígbà tí àwọn baba ńlá wọn ń ti odò pọnmi wálé, irú òwe bẹ́ẹ̀ kò lè sí.

Ìbídùn ni orúkọ ìyàwó tí ọ̀ràn náà dé bá. Ọkọ rẹ̀, Fọlárìn, jẹ́ agbẹjọ́rò, ọmọ bíbí agboolé náà. Nígbà tí Fọlárìn ń kọ́lé, ó ra ẹ̀rọ omi ọlọ́wọ́ méjì ẹlẹ́nu kan sí síǹkì ilé ìdáná. Ọwọ́ kan ní àmì búlúù, ti omi tútù nìyẹn; èkejì ní àmì pupa, ti omi gbígbóná. Híta tí yóò máa mú omi gbóná ni kò tíì rà. Oníṣẹ́ tó fi ẹ̀rọ náà sílé kò sì fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan wà ní gbígbẹ, nítorí náà ó so páìpù méjèèjì mọ́ táǹkì kan náà lórí òrùlé. Ó ní bí híta bá dé, wọ́n á tún ọ̀kan so. Híta kò dé. Ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ wa ló rí bẹ́ẹ̀: àmì pupa wà níwájú, iná kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ìbídùn kì í tilẹ̀ fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ pupa. Kí ni ì bá fi í ṣe?

Àṣà kan wà nínú ìdílé yìí tí ẹni tó ń gbọ́ ìtàn yìí gbọ́dọ̀ mọ̀. Ìyàwó kì í dédé gba ilé ìdáná. Ìyá ọkọ ní ń gbé ìgbákọ lé e lọ́wọ́ níṣojú àwọn obìnrin ilé, ọjọ́ náà ni ó di onílé. Ìyá ọkọ náà ló sì lè gbà á padà. Bó bá gbà á, kò sí ẹni tí yóò lé ìyàwó jáde, ṣùgbọ́n yóò máa tọrọ àyè kí ó tó fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ nínú ilé ọkọ ara rẹ̀. Ìbídùn gba ìgbákọ tirẹ̀ lọ́dún tí wọ́n gbé e wọlé. Nígbà tí orúnkún ìyá Fọlárìn wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tí wọ́n mú un wá gbé lọ́dọ̀ wọn, ìgbákọ náà ṣì wà lọ́wọ́ Ìbídùn, ó sì rò pé ọwọ́ òun ni yóò máa wà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí Màmá dé ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Tó. Tó. Tó. Màmá jókòó nínú ilé ìdáná, ó ń bó ẹ̀gúsí.

"Ìyàwó."

"Ẹ̀n, Màmá."

"Ṣé ìwọ lo ti ẹ̀rọ yìí?"

"Èmi ni, Màmá."

"O tì í ni, àbí o kí i?"

Ìbídùn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó padà lọ tì í, ó tún un tì, ó fi aṣọ dì í mú kó lè lágbára sí i, títí ọrùn ọwọ́ fi ń ro ó. Ẹ̀rọ ń kán. Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán. Ọ̀rọ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó bọ́ sórí ìdérí ìkòkò tí kò dé dáadáa. Ó kúrò níbẹ̀, ó bọ́ sórí ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ṣí. Ohunkóhun tó bá ṣí sílẹ̀ nínú ilé, Ìbídùn ni kò tì í.

"Ọwọ́ tí kò lè pa ẹ̀rọ dé," Màmá wí fún àwọn obìnrin agboolé tó wá kí i, "báwo ni yóò ṣe pa àṣírí ilé dé?"

Àwọn yẹn mi orí. Wọ́n jẹ ẹ̀pà Ìbídùn, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni Màmá tẹ Àṣàbí láago níṣojú Ìbídùn. Àṣàbí ni àkọ́bí rẹ̀, ó ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé ó lè pàṣẹ fún iná kí iná gbọ́. "Lọ́jọ́ Sátidé, wá bá mi gba ìgbákọ yìí o," ni Màmá wí. "Ilé àbúrò rẹ ń ṣàn lọ."

Ìbídùn lọ bá ọkọ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún ẹ̀rọ yìí ṣe kí Ańtí Àṣàbí tó dé. Ẹ ò rí i pé wọ́n fẹ́ sọ mí di àlejò?"

Fọlárìn wá. Kí ó tó mú sípánà, ó na ìka sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ bí ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ wá ẹlẹ́rìí lẹ́nu wò.

"Omi tó ń kán yìí, ṣé ó tutù àbí ó gbóná?"

"Ó tutù."

"Ẹ̀gbẹ́ wo ni ti omi tútù?"

"Ẹ̀gbẹ́ búlúù."

"Ẹjọ́ parí."

Ó tú ẹ̀gbẹ́ búlúù, ó pààrọ̀ rọ́bà pẹlẹbẹ tó ń dí omi nínú rẹ̀, ó nu ọwọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ ń kán. Wọ́n ránṣẹ́ pe Gàní, púlọ́ńbà àdúgbò. Gàní wo rọ́bà tí Fọlárìn fi sí i, ó yínmú.

"Lọ́yà, ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ ṣiṣẹ́."

Ó yọ gbogbo ìfun ẹ̀gbẹ́ búlúù, ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Bí ó ti ń palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́, Ìbídùn ní, "Bùọ̀dá Gàní, ẹ ò ní wo ẹ̀gbẹ́ kejì?"

Gàní rẹ́rìn-ín. "Madáámù, ṣé omi gbígbóná ló ń kán ni?"

"Bá mi bi í," Fọlárìn wí.

"Ẹ̀gbẹ́ gbígbóná kò lárùn kankan," Màmá wí láti orí àga rẹ̀. "Ó le dáadáa. Èmi mọ̀."

Kò sí ẹni tó bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fẹnu kò. Ìbídùn nìkan ni kò rí ẹni gbè é lẹ́yìn. Ọbẹ̀ tó wà lórí iná kò tíì jinná tí ẹ̀rọ tún fi bẹ̀rẹ̀. Gàní wò ó, ó wá sọ ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́ jù lọ nínú gbogbo rẹ̀: "Iṣẹ́ tèmi pé. Ẹni tó ń tì í ni kò mọ̀ ọ́n tì." Ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ. Títí di ìgbà náà, ẹ̀sùn lásán ni Màmá ní. Láti ọjọ́ náà, ó ní ẹ̀rí oníṣẹ́.

Ọjọ́ Sátidé pé. Àṣàbí ti kúrò nílé, ó ti pè pé òun ti wà lójú ọ̀nà. Fọlárìn tún mú sípánà, inú ń bí i sí Gàní, inú ń bí i sí ẹ̀rọ, kò sì tíì bínú sí ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ síǹkì, ó ti omi tó ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ búlúù pa láti ìdí. Ó tú ẹ̀gbẹ́ náà pátá, ó kó gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, lórí ìwé ìròyìn. Lẹ́yìn náà ló pe Gàní lórí fóònù, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ẹni tó ba iṣẹ́ jẹ́ fún ẹnì kejì.

Ìbídùn dúró ti síǹkì, àkísà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tó.

Ó wo ẹ̀rọ. Ihò ẹ̀gbẹ́ búlúù là sílẹ̀ bí ẹnu ẹni tí eyín rẹ̀ ti ká, ó gbẹ táútáú. Ó wo tábìlì: ọwọ́ búlúù ńkọ́, ìfun rẹ̀ ńkọ́, rọ́bà rẹ̀ ńkọ́, gbogbo wọn pé síbẹ̀. Tó, ni ẹ̀rọ tún wí. Inú bí Ìbídùn débi pé omijé àti ẹ̀rín jọ ń du ojú rẹ̀. Ohun tí kò sí lára ẹ̀rọ mọ́ ni wọ́n ṣì ń dá lẹ́bi, bí wọ́n ṣe ń dá òun náà lẹ́bi.

"Ẹ gbọ́ ná," ó wí fún ọkọ rẹ̀.

"Mo ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, Ìbídùn."

"Ẹ̀gbẹ́ tútù dà?"

"Òun ló wà lórí tábìlì yẹn."

"Kí ló wá ń kán?"

Fọlárìn yíjú. "Èyí tó ṣẹ́kù sínú páìpù ni."

Wọ́n dúró dè é kó tán. Màmá dá ẹ̀gúsí dúró, òun náà ń wò. Kò tán.

"Omi inú páìpù yìí mà pọ̀ o," Ìbídùn wí.

Ọ̀nà méjì ló kù fún un. Bó bá sọ fún ọkọ rẹ̀ níṣojú ìyá rẹ̀ pé kò gbọ́n, ìyẹn nìkan tó láti gba ìgbákọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá sì dákẹ́, Àṣàbí ń bọ̀. Ó wá rántí pé ọ̀nà kan wà tí ọmọdé lè gbà bá àgbà wí láìjẹ́ pé ó rí àgbà fín. Ó kúnlẹ̀ síbi tó dúró sí.

"Tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà. Omi tútù ló ń kán, ẹ̀gbẹ́ gbígbóná ni kí ẹ tú."

Bí ọmọdé bá tọrọ gááfárà báyìí, ohun tó kù ni kí àgbà dá a lóhùn pé, "Wàá pa òmíràn." Màmá kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Òwe wo nìyẹn? N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ibo ni omi gbígbóná ti ń kán ní tútù?"

"Màmá, híta dà?"

"Híta wo?"

"Ìyẹn gan-an ni, Màmá. Kò sí híta. Táǹkì kan náà ló ń bọ́ àwọn méjèèjì. Ẹnu lásán la fi ń pe ẹ̀gbẹ́ yẹn ní gbígbóná."

Fọlárìn gbé fóònù sílẹ̀ tòun ti ohùn Gàní nínú rẹ̀. Agbẹjọ́rò mọ ìgbà tí ẹjọ́ bá ti dá a lẹ́bi. Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ síǹkì, ó ti omi ẹ̀gbẹ́ pupa pa. Ẹ̀rọ kán lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ó dákẹ́ pátápátá. Fọlárìn tú ẹ̀gbẹ́ pupa, ó yọ rọ́bà inú rẹ̀, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Rọ́bà náà ti gé sí àárín, ó fẹ́lẹ́ bí ìdí bàtà tí wọ́n wọ̀ rìn lọ sóko lọ́dọọdún.

"Rọ́bà tí ẹnikẹ́ni kò lò kì í rí báyìí," ó wí. "Ẹnì kan ń lò ó, ó sì ń fún un pa tagbáratagbára. Ìbídùn?"

"Èmi kì í fọwọ́ kàn án."

Kò sí ẹni tó wo Màmá. Màmá gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lórí ìró rẹ̀.

"Èmi ni," ó wí. "Láràárọ̀ ni mo máa ń bù ú fi ra orúnkún mi. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ibi pupa ni ti omi gbígbóná. Kò gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ní bóyá ó ṣì ń bọ̀ lọ́nà ni. Bí mo bá sì bù ú tán, mo máa ń tì í pa gan-an, kí èyí tó gbóná má baà ṣòfò."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Fọlárìn. Ìbídùn fojú pa á mọ́ ọn lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú òun náà. Ì bá bèèrè nípa ìdérí ìkòkò, ì bá bèèrè nípa ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ṣí, ì bá ní kí wọ́n pe àwọn obìnrin tó jẹ ẹ̀pà rẹ̀ wá. Ohun tó jáde ni, "Màmá, ẹ ò ṣe sọ fún mi? Ǹ bá ti máa gbé omi kaná fún yín láràárọ̀."

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ni Àṣàbí wọlé. Ó ti ká ọwọ́ bùbá sókè, ó gbé báàgì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ilé o. Màmá, ìgbákọ náà dà?"

Màmá gbára lé àga, ó dìde. Ó mú ìgbákọ níbi tí wọ́n fi í kọ́ sí. Ó wò ó.

"Àṣàbí, jókòó," Màmá wí. "Àlejò lo wá ṣe. Ìyàwó ni yóò bu oúnjẹ fún ọ."

"Àlejò kẹ̀? Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ilé ń ṣàn lọ?"

"Mo ní kí o jókòó."

Ó gbé ìgbákọ lé Ìbídùn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì, níṣojú ẹni tó wá gbà á. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni pé òun àti ìyàwó nìkan ló wà níbẹ̀: "Wàá pa òmíràn."

Bí ọ̀rọ̀ ìyàwó kan ṣe di òwe agboolé nìyẹn, nítorí ọ̀rọ̀ tí àgbà bá ti dá lóhùn báyìí ti kúrò ní ti ẹni tó sọ ọ́. Ẹni tó bá sì gbọ́ ìtàn rẹ̀ kò tún ní sọ pé ọgbọ́n orí kò gbà á. Fọlárìn kò ṣìṣe nínú àròyé rẹ̀. Ó ṣìṣe nínú ohun tó gbà gbọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ àròyé. Ó gba àmì pupa gbọ́, kò bi í pé iná rẹ̀ dà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ni a máa ń tètè tú palẹ̀, a ó tú u, a ó tún un tú, nígbà tí ẹni tí a ti fi orúkọ dá láre jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó ń kán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nítorí náà, bí ilé bá ń jò, tí gbogbo wa sì ti mọ ẹni tó jẹ̀bi láìtíì wádìí, ẹ má bínú sí àgbà tó bá gbójú sókè tó ní: omi tútù ló ń kán, ẹ̀gbẹ́ gbígbóná ni kí ẹ tú.