Ìjókòó Tí Odídẹrẹ́ Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Tú Ká

Nígbà láéláé, nígbà tí odídẹrẹ́ ṣì ní ohùn tirẹ̀, ọmọ odídẹrẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Àwẹ̀ró. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó bà sórí ẹ̀ka igi àgbálùmọ̀, ó ń já èso sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àyọ̀ká ni orúkọ ọ̀rẹ́ náà, ọmọ àparò ni. Àparò kì í fò lọ sókè bí odídẹrẹ́, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni Àyọ̀ká máa ń dúró sí, tí yóò máa wòkè.

"Èyí ti kan jù," ni Àyọ̀ká wí. "Ìwọ ń jẹ èyí tó pọ́n, o wá ń ju èyí tó kan sí mi."

"Ẹni tó wà nílẹ̀ kì í yan èso," ni Àwẹ̀ró fèsì.

"Ó dáa. Lọ́jọ́ tí o bá wá kí wa nínú koríko, eèrà ni n ó fi ṣe ọ́ lálejò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ohùn Àyọ̀ká máa ń ya díẹ̀ ní ìparí ọ̀rọ̀, bí ohùn ẹni tí ẹ̀rín ń bọ̀ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Àwẹ̀ró kò kíyè sí i nígbà náà. Ta ní í kíyè sí ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́?

Ní ayé ìgbà náà, àwọn àgbà ẹranko àti ẹyẹ a máa pàdé lọ́dọọdún láti yanjú ọ̀rọ̀ tó bá wà láàárín ilé kan àti ilé kejì. Kí àwọn ọmọ lè mọ bí wọn yóò ṣe máa ṣe é tí wọ́n bá dàgbà, wọ́n ní ìjókòó tiwọn tí wọ́n fi ń dánra wò. Ìyá Ìgbín ni alága wọn, nítorí pé kì í kánjú.

Ìlànà ìjókòó náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rú u. Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ gbẹnu sọ fún ilé ara rẹ̀. Ilé ẹlòmíràn ni yóò gbẹnu sọ fún, kí ó lè mọ ohun tó ń dun aládùúgbò rẹ̀. Kò gbọdọ̀ wí pé "èmi". "Àwa ilé lágbájá" ni yóò máa wí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò gbé ewé sókè, yóò sì dúró títí Ìyá Ìgbín yóò fi na ìwo kan sí i. Bí Ìyá Ìgbín bá ti fa ìwo méjèèjì wọlé, àsìkò rẹ̀ pé nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ bá kù lẹ́nu rẹ̀, kó gbé e mì.

Èyí tó tóbi jù nínú ìlànà náà ni ẹnu yíyá. Kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀, àwọn méjì tó fẹ́ gba ipò ara wọn yóò fi àgógó kan àgógó, tàbí imú kan imú. Wọn yóò ní, "Gba ẹnu mi, fún mi ní tìrẹ." Ohùn ọ̀kan yóò sì bọ́ sọ́fun èkejì. Nígbà tí wọ́n bá tú ìjókòó ká, wọn yóò tún fara kan ara wọn, olúkúlùkù yóò sì gba ohun tó jẹ́ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ kò bá tíì tán tí ilẹ̀ sì ń ṣú, wọ́n lè so ìjókòó rọ̀ di ọjọ́ kejì. Ìjókòó tí a so rọ̀ kò tíì parí. Títí wọn yóò fi tú u ká, kò sí ẹni tó lè dá ẹnu padà.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ọ̀rọ̀ iná ni wọ́n gbé kalẹ̀. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni iná máa ń jó ọ̀dàn. Àwọn tó ń gbé inú koríko ń bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn ará igbó jẹ́ kí wọ́n máa sá wọ igbó etí odò, àwọn ará igbó kò sì gbà. Àwẹ̀ró àti Àyọ̀ká nìkan ló yá ara wọn lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Àwẹ̀ró gba ipò ilé Àparò, Àyọ̀ká gba ipò ilé Odídẹrẹ́.

Àyọ̀ká ló kọ́kọ́ gbé ewé. Ohùn Àwẹ̀ró, tó rinlẹ̀ tó sì tutù, ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Alága, ẹ kú ìjókòó. Àwa ilé Odídẹrẹ́ kò kórìíra ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n igbó etí odò kò tóbi. Bí àparò bá wọlé lónìí, òkété ńkọ́? Èmi ò..."

"Ìlànà!" Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́, tó ń gbẹnu sọ fún ilé Ọ̀yà, ti fò dìde. "Ó ní 'èmi'! Mo gbọ́ ọ!"

"Ìwọ náà ní 'mo'," ni ẹnì kan kùn láti ẹ̀yìn.

Ojú ti Ọ̀kẹ́rẹ́. "Àwa ilé Ọ̀yà ló gbọ́ ọ," ni ó wí, ó sì jókòó lé ìrù rẹ̀.

"Ilé Ọ̀yà ṣeun," ni Ìyá Ìgbín wí. "Ilé Odídẹrẹ́, ẹ máa bá a lọ."

"Àwa ilé Odídẹrẹ́," ni Àyọ̀ká wí, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra, "ń bẹ̀rù pé ẹni tó bá sá wọlé kò ní rántí jáde mọ́."

Ó wá kan Àwẹ̀ró. Ó gbé ewé, Ìyá Ìgbín na ìwo sí i.

"Àwa ilé Àparò kò wá gba ilé onílé," ni ó wí. "Ibi tí a ó sá sí ni à ń wá. Nígbà tí èéfín bá bolẹ̀, àwọn ọmọ wa kì í rí ọ̀nà. Ohùn ìyá wọn ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ẹ̀yin ará igbó, ibo ni ká ní kí ohùn náà máa pè wọ́n lọ?"

Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Àwẹ̀ró kò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n.

"Ilẹ̀ ń ṣú," ni Ìyá Ìgbín wí. "Ẹ jẹ́ ká dìbò, ká tú ká."

Àwẹ̀ró wojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó rò ó pé bí òun bá tún sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kò ní ku ẹni kan tí kò ní gbè sẹ́yìn òun. Ó gbé ewé. "Alága, àwa ilé Àparò dá a lábàá pé kí a so ìjókòó rọ̀ di ọ̀la."

Àyọ̀ká sún mọ́ ọn. "Àwẹ̀ró, jọ̀ọ́, jẹ́ ká tú ká. Àwọn àbúrò mi ò mọ ohùn yìí."

"Ìyá rẹ á bá ọ pè wọ́n wálé. Ọ̀la ò jìnnà. Ṣé o rí bí wọ́n ṣe dákẹ́ fún mi?"

"Ẹnu ta ni wọ́n dákẹ́ fún?" ni Àyọ̀ká wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí. Nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló dá àbá náà, òun náà gbé ìyẹ́ sókè fún un.

Ìyá Ìgbín fa ìwo wọlé. "A so ìjókòó rọ̀."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó pàdé, iná bẹ́ sílẹ̀ nínú ọ̀dàn. Àwẹ̀ró rí èéfín láti orí igi. Ó fò lọ sí etí odò, ó ń ké, "Àyọ̀ká! Àyọ̀ká o!" Ṣùgbọ́n ohùn Àyọ̀ká fúnra rẹ̀ ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá Àparò ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ kéékèèké sá lọ nínú koríko. Ó gbọ́ ohùn àkọ́bí rẹ̀ níwájú, ní ìhà odò; nínú ìbẹ̀rù, kò rántí ọ̀rọ̀ ẹnu yíyá mọ́. "Ọpẹ́ o," ni ó wí, "Àyọ̀ká ti ṣáájú wa." Ó ki eré mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ nínú èéfín, ohùn odídẹrẹ́ kan ń ké pé, "Màmá, ẹ dúró dè mí!" Ìyá Àparò kò wẹ̀yìn. Odídẹrẹ́ ní ìyẹ́ tó lè gbé e kọjá iná, kí ló dé tó fi ń ní kí ẹlẹ́sẹ̀ dúró de òun?

Nígbà tí ó dé etí odò, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Àyọ̀ká dà?"

"Ìyá Àyọ̀ká, èmi ni mò ń pè," ni Àwẹ̀ró wí.

Ìyá Àparò wò ó. Lẹ́yìn náà ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ọmọ òun dúró síbẹ̀. Ó sì tún yíjú sí ọ̀dàn tó ń jó. Ó ti yé e.

Wọ́n wá Àyọ̀ká títí nínú eérú. Wọn kò rí i.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ pé sí ìjókòó tí wọ́n so rọ̀. Kò sí ẹni tó gbé ewé. Ìyá Àparò wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀.

"Àwẹ̀ró," ni Ìyá Ìgbín wí, "ẹni tó yẹ kó gba ẹnu rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n alága lè tú ìjókòó ká láìsí òun. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohùn Àyọ̀ká yóò kúrò lọ́fun rẹ, yóò lọ bá a níbi tó wà. Tìrẹ kò ní padà, ó ti bá a lọ. Síbẹ̀ ọmọdé ni ọ́. Òmíràn yóò hù, bí ìyẹ́ ṣe ń hù."

"Gbà bẹ́ẹ̀," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ sọ jẹ́jẹ́. "Ìlànà fàyè gbà á."

Àwẹ̀ró yíjú sí Ìyá Àparò.

"Ohun tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni kó o ṣe, ọmọ mi," ni Ìyá Àparò wí. "Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Kí wọ́n tó tú ká, pè mí lẹ́ẹ̀kan."

"Màmá," ni Àwẹ̀ró wí.

Ìyá Àparò di ojú. Àwọn ọmọ kéékèèké yọ orí lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ lọ́dọ̀ Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró gbé ewé sókè.

"Alága," ni ó wí, "àwa ilé Àparò kò fara mọ́ títú ká."

Ìyá Ìgbín wò ó títí. Nígbà tó ṣe, ó fa ìwo méjèèjì wọlé. "A so ìjókòó rọ̀," ni ó wí.

Lọ́dún náà ni àwọn àgbà gbà kí àwọn ará ọ̀dàn máa sá wọ igbó etí odò. Wọn kò jiyàn púpọ̀.

Àwẹ̀ró sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé ohùn tó wà lọ́wọ́ òun lè gbó. Aṣọ tí a bá ń wọ̀ lójoojúmọ́ a máa gbó, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí yóò ti rí irú rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, bí ó bá fẹ́ bèèrè oúnjẹ, ohùn ewúrẹ́ tó wà nítòsí ni yóò fi bèèrè. Bí ó bá fẹ́ kí ènìyàn, ohùn onítọ̀hún ni yóò fi kí i. Ó fi ohùn ajá bínú, ó fi ohùn ọmọ ọwọ́ sunkún. Ohùn Àyọ̀ká, ó tọ́jú rẹ̀ fún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí Ìyá Àparò máa ń wá sí ìdí igi láti gbọ́ ọ.

Ọdún gorí ọdún. Ìyá Àparò dàgbà, ó sì kú. Àwọn àbúrò Àyọ̀ká ní ọmọ tiwọn, wọn kò sì rántí ẹni tó ni ohùn náà mọ́. Àwẹ̀ró nìkan ló ń pè, òun nìkan ló sì ń gbọ́. Ó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ bí a ti ń yá ohùn lò, nítorí kò ní òmíràn tí yóò fún wọn.

Láti ọjọ́ náà ni odídẹrẹ́ kò ti ní ohùn ti ara rẹ̀. Ohùn ẹni tó bá ń gbé nítòsí rẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀. Wọn kò sì tíì tú ìjókòó náà ká.