Ìdí Tí Àlùbọ́sà Fi Ń Pa Wá Lẹ́kún

Nígbà láéláé, àlùbọ́sà kì í ta sí ẹnikẹ́ni lójú. Èèyàn lè máa gé e, kó máa rẹ́rìn-ín, kó tún máa ṣòfófó.

Lọ́jọ́ kan, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan fò wá láti ilẹ̀ Kòríà. Mínà ni orúkọ rẹ̀. Ìjì ló gbé e ṣìnà, kò sì tíì jẹun látìgbà tó ti wà lórí òkun. Ẹ̀yìnkùlé Adìẹ ló bà sí, níbi tí àwọn òròmọdìẹ ti ń ṣeré láàárín ewé àlùbọ́sà.

Inú Mínà dùn. Ó na àgógó rẹ̀ sí àwọn ewé náà.

"Pa!" ló wí. "Pa! Pa!"

Adìẹ figbe ta. "Yéè! Ó ní kí wọ́n pa àwọn ọmọ mi!"

"Ta ló ń rán?" Òbúkọ béèrè.

"Ìwọ tí o ní ìwo ni!"

"Èmi kẹ̀? Ọ̀ṣọ́ lásán ni ìwo yìí!" Kó tó sọ ọ́ tán, ó ti dé abẹ́ àká.

Gbogbo wọn sá. Pẹ́pẹ́yẹ náà sá, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, kò tíì dé ibì kankan.

Mínà kò mọ ohun tó ṣe. Kò fẹnu kan ewé kankan, torí ẹnikẹ́ni kò tíì fún un. Ó jókòó sórí ebè, ó ń sunkún. Omijé rẹ̀ ń kán sídìí àlùbọ́sà.

Pẹ́pẹ́yẹ yíjú padà. "Apànìyàn wo ló ń sunkún báyìí?" Ó sún mọ́ ọn. "Àlejò, kí lẹ fẹ́ pa?"

Mínà fi àgógó tọ́ka sí ewé kan. "Pa." Ó tọ́ka sí òmíràn. "Pa."

Pẹ́pẹ́yẹ já ewé kan fún un. "Pa?"

Mínà fò sókè, ó sì gbé e mì.

Ẹ̀rín pa Pẹ́pẹ́yẹ. "Ìyá Olómọyọyọ, ẹ jáde! Ewé àlùbọ́sà ni wọ́n ń pè ní pa lọ́dọ̀ wọn. Kò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni o. Ebi ló ń pa á!"

Ojú ti Adìẹ. Ó já ẹ̀kún ẹnu kan wá, ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, àlejò wa. Pa rèé. Ẹ jẹ ẹ́ yó."

Òbúkọ yọjú lábẹ́ àká. "Ṣé wọ́n ti pa á tán?"

"Ó ti jẹ ẹ́ tán!" ni àwọn òròmọdìẹ dáhùn.

Ṣùgbọ́n omijé Mínà ti wọ inú àlùbọ́sà lọ, kò sì ṣeé kó jáde mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ojú wa ti ń kún bí ọ̀bẹ bá ti kan àlùbọ́sà. Omijé àlejò tí ebi ń pa ni. Pa ló ń pa wá lẹ́kún.