Ìjàpá Yan Ẹfun, Ó Yan Aró

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi yọ gẹ̀rẹ̀, ó gba ara ògiri tútù kọjá, ó lọ balẹ̀ sẹ́yìn Ìjàpá.

Ìgalà kọ́ yàrá kan fún ìyá rẹ̀ arúgbó tó ń bọ̀ wá bá wọn gbé. Ògiri gbẹ tán, ó ku kí wọ́n kùn ún. Ìgalà ní ẹfun ni, kí yàrá lè mọ́lẹ̀, torí ojú ìyá òun ti ń ṣú. Ìyàwó rẹ̀ ní rárá o, aró ni, torí èéfín kì í hàn lára aró. Wọ́n jiyàn títí ọbẹ̀ fi jóná.

Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe Ìjàpá, ẹni tó máa ń fọ́nnu pé kò sí ààfin tí òun kò wọ̀ rí.

Ìjàpá wo ògiri, ó mi orí. Ó fa Ìgalà lọ sẹ́yìn ilé.

"Ọ̀gá mi, ẹfun ni. Ojú yín mọ ohun tó dára. Àmọ́ ebi kì í jẹ́ kí n lè dájọ́ dáadáa."

Ìgalà gbé iyán fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó yọ́ lọ bá ìyàwó nídìí ààrò.

"Ìyá ilé, aró ni o! Kí ni ọkọ yín mọ̀ nípa àwọ̀? Ẹ̀fọ́ yín yìí mà ń ta sánsán o."

Ìyẹn náà bu oúnjẹ fún un.

"Ìdájọ́ ńkọ́?" ni wọ́n bi í.

"Ọ̀rọ̀ ògiri kò gba ìkánjú. Mo ní láti wò ó láàárọ̀, kí n wò ó lọ́sàn-án, kí n tún wò ó nígbà òjò."

Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sì wà nígbà náà o!

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló fi jẹun lọ́dọ̀ ọkọ, tó tún ń jẹ lọ́dọ̀ ìyàwó. Tọkọtaya ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí ìyá arúgbó fi gbẹ́rù dé, ògiri ṣì wà bó ṣe wà.

"Kí ló dá a dúró?" ni ìyá bi wọ́n.

"Ìjàpá ní ẹfun ló dára jù," ni Ìgalà wí.

"Irọ́! Aró ló sọ fún mi!" ni ìyàwó figbe ta.

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n wo Ìjàpá. Ọbẹ̀ ṣì wà ní àgbọ̀n rẹ̀.

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó fẹ́ràn àwọ̀ méjèèjì, ẹ jẹ́ ká fi méjèèjì kun ilé tiẹ̀. Ṣebí ó gbé e pọ̀n."

Kí Ìjàpá tó sá, Ìgalà ti dì í mú. Ìyàwó da aró lé e lẹ́yìn. Ìyá fúnra rẹ̀ fi ẹfun fa ìlà sí i. Ìjàpá sáré lọ sódò, ó fi kànrìnkàn ha á, ó fi yanrìn ha á, kò bọ́.

"Ìyá, èwo wá ni ká fi kun yàrá yín?" ni Ìgalà bi í.

"Àwọ̀ amọ̀ tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀yin ni mo wá wò. Ẹ máa bá ara yín sọ̀rọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀yìn Ìjàpá ti dúdú, tí ìlà tó mọ́lẹ̀ sì là á já. Ibẹ̀ ni àlọ́ mi jókòó sí. Bí mo bá fi irọ́ kùn ún, kí ẹnu mi má lè pe orúkọ mi.